Ṣé Dandan Ni Kí Ìtàn Parọ́ Kó Tó Dùn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kò sí ẹni tí òwe yìí kàn tó ẹni tí ń kọ ìwé ìtàn fún títà. Bí ìwé bá gbẹ bí igi ìdáná, ọmọdé kò ní í kà á. Bí ọmọdé kò bá sì kà á, òótọ́ inú rẹ̀ kò wúlò fún un. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé bá bu adùn tí kò sí nínú ìtàn kún un kí ó lè tà ńkọ́? Ṣé oore ló ṣe ọmọ náà, àbí ó rẹ́ ẹ jẹ? Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí nìyẹn, ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo sì fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìdí tí mo fi mú ìtàn Amẹ́ríkà ni pé òun ni mo ní láti kọ́ láti orí a, b, d. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí àwọn òbí mi kó wa kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Mo ti gbọ́ ìtàn Lágelú àti ti Baṣọ̀run Ògúnmọ́lá lẹ́nu bàbá àgbà, ṣùgbọ́n n kò mọ ìyàtọ̀ láàrin Jefferson àti Jackson. Ìwé ìtàn tí wọ́n ń lò ní kíláàsì wa wúwo bíi búlọ́ọ̀kù: ọdún lórí ọdún, òfin lórí òfin. Ohun tí ó ṣílẹ̀kùn fún mi ni àwọn ìwé aláwòrán tẹ́ẹ́rẹ́ àti àwọn ìwé ìtàn ìgbésí ayé tí ó wà ní ibi ìkówèésí àdúgbò wa. Inú wọn ni mo ti bá àwọn ará Boston pàdé, àwọn tí wọ́n da àpótí tíì tí ó lé ní 300 sínú omi ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1773, nítorí owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé lé tíì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ bí àpótí ṣe ń já lu omi. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ọ̀tá ìwé dídùn ló ń kọ èyí. Bí kì í bá ṣe ti ìwé dídùn, ǹ bá má mọ nǹkan kan nínú ìtàn ilẹ̀ tí mò ń gbé. Ẹni tí ó jẹ ọbẹ̀ ló lè sọ bí iyọ̀ rẹ̀ ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nípa George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ní nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6, wọ́n fún un ní àáké kékeré kan. Gbogbo ohun tí ó bá rí ló ń fi àáké náà ṣá, títí ó fi ṣá igi eléso kan tí wọ́n ń pè ní cherry, igi tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn gan-an. Nígbà tí bàbá bèèrè ẹni tí ó ṣe é, ọmọ náà jẹ́wọ́, ó ní òun kò lè parọ́. Dípò kí bàbá nà án, ńṣe ni ó gbá a mọ́ra, ó ní òótọ́ tí ọmọ òun sọ níye lórí ju ẹgbẹ̀rún igi lọ.

Ẹni tí ó kọ ìtàn yìí ni Mason Locke Weems, àlùfáà kan, ọmọ bíbí Maryland, tí ó di alárìnkiri tí ń ta ìwé láti ìlú dé ìlú. Oṣù Kejìlá ọdún 1799 ni Washington kú. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1800, ìwé Weems nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ti wà lọ́jà. Ìtàn igi náà kò sí nínú rẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1806 ni ó fi kún un, ó ní ìyá àgbà kan tí ó tan mọ́ ìdílé Washington ló sọ ọ́ fún òun, kò sì dárúkọ ìyá náà. Títí di òní, kò sí òpìtàn tí ó rí ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn tí ń tọ́jú ilé Washington ní Mount Vernon pàápàá ń sọ fún àlejò pé kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìtàn náà wọ inú ìwé kíkà ọmọ iléèwé, ìran lẹ́yìn ìran sì kọ́ ọ sórí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: irọ́ ni wọ́n pa láti fi kọ́ ọmọdé pé kí ó má parọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, "Kí ló burú níbẹ̀? Ṣé ìwà rere kọ́ ni ìtàn náà ń kọ́ ọmọ? Ṣé ẹ̀yin Yorùbá kò ń fi Ìjàpá kọ́ ọmọ yín ni? Ìgbà wo ni ẹ rí Ìjàpá tí ń fọhùn?" Àwíjàre yìí ní làákàyè nínú, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n Ìjàpá náà gan-an ni yóò bá wa dá ẹjọ́ yìí.

Bí ilẹ̀ bá ṣú tí òṣùpá sì yọ, apàlọ́ á ké, "Ààlọ́ o!" Àwọn ọmọdé á dáhùn, "Ààlọ̀!" Láti ibẹ̀ lọ, Ìjàpá lè fọhùn, ó lè bá àwọn ẹyẹ lọ jẹun lọ́run, igi lè kọrin. Kò sí ẹni tí wọ́n tàn jẹ, nítorí àdéhùn ti wà láàrin ẹnu tí ń sọ àti etí tí ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ohùn bàbá àgbà máa ń yí padà nígbà tí ó bá ń sọ bí ìdílé wa ṣe dé Ìbàdàn. Kì í ké ààlọ́. Á dárúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún un. Bí ó bá dé ibi tí kò dá a lójú, á ní, "Bí àwọn kan ṣe sọ ọ́ nìyí, àwọn ará ilé kejì kò gbà bẹ́ẹ̀." Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ẹni tí ń rọ́ àrọ́bá fún ọmọ mọ̀ pé ojú ọmọ náà ni òun fi ń ríran sẹ́yìn, kò sì yẹ kí ó fi iyanrìn sí ojú náà.

Ibi tí mo dúró lé nìyí: ẹ̀ṣẹ̀ Weems kì í ṣe pé ó pa àlọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó pa àlọ́ láìké ààlọ́.

Ìpalára rẹ̀ kò kéré. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọmọ tí ó gba ìtàn igi yìí gbọ́ ní ọmọ ọdún 8 yóò gbọ́ ní ọmọ ọdún 14 pé kò sí igi, kò sí àáké. Ọjọ́ náà kọ́ ni yóò kàn ju igi nù. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún un nípa Washington, títí kan èyí tí ó jẹ́ òótọ́. Bẹ́ẹ̀ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ dùn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1783, ní Annapolis, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa rárá ní Maryland níbí, Washington tí ó ti borí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo ọmọ ogun ilẹ̀ náà sì wà lábẹ́ rẹ̀, dúró níwájú àwọn aṣòfin, ó dá agbára tí wọ́n fún un padà, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Èèyàn mélòó ni a mọ̀ tí ó ní ìbọn lọ́wọ́ tí ó sì fínnúfíndọ̀ lọ sílé? Ọmọ Nàìjíríà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé bí ohun tí ó ṣe yìí ṣe tóbi tó. Ẹni tí ó bá ní èyí lọ́wọ́, kí ló ń fi igi cherry ṣe?

Èyí tí ó ṣòro jù fún mi ni irọ́ tí wọ́n pa nítorí tiwa. Maryland náà ni wọ́n bí Harriet Tubman sí, nínú oko ẹrú. Ó sá lọ sí Philadelphia ní ọdún 1849, lẹ́yìn náà ó ń padà wá lóru láti kó àwọn ẹbí àti ojúlùmọ̀ rẹ̀ jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Sarah Bradford, kọ ìwé nípa rẹ̀ kí wọ́n lè rí owó tí obìnrin náà yóò fi gbọ́ bùkátà. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ìwé náà ní ìgbà 19 ni Tubman padà lọ, àti pé ènìyàn 300 ni ó kó jáde. Iye yìí ló wà nínú àìmọye ìwé ọmọdé. Àwọn òpìtàn òde òní tí wọ́n tú àkọsílẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ìgbà 13 ni, àwọn tí ó fúnra rẹ̀ kó jáde sì tó nǹkan bí 70.

Èmi àti bàbá mi jiyàn lórí iye yìí ní alẹ́ ọjọ́ kan. Bàbá mi ní, "Ọmọ mi, kí lo ń ka orí ènìyàn fún? Àwọn òyìnbó ti fi igi cherry ṣe akọni tiwọn. Jẹ́ kí tiwa náà ga díẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò fẹ́ràn wa bá jí lọ́la tí ó sì fi ẹ̀rí hàn pé 300 kò pé, ṣé kò ní í sọ pé Tubman fúnra rẹ̀ kò sí?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n 70 kéré létí."

Mo ti ro gbólóhùn yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀: 70 kéré létí. Etí tí 70 kéré sí ni ìwé dídùn ti bà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Obìnrin kan tí kò mọ ìwé, tí wọ́n ti sọ irin mọ́ lórí nígbà èwe rẹ̀, tí oorun sì máa ń gbé e lọ lójijì nítorí ọgbẹ́ náà, ó rin inú igbó àti ẹrẹ̀ lóru, ó tún padà lọ síbi tí ó ti sá kúrò. Ìgbà kan ṣoṣo tí ó bá ṣe é tó láti kọ ìwé lé lórí. Nígbà tí a bá sọ 70 di 300, a kò bu iyì kún un. Ohun tí à ń sọ fún ọmọdé ni pé ohun tí ó ṣe gan-an kò tó. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 70 náà ní orúkọ àti ìyá.

Irọ́ kẹta kò lo ọ̀rọ̀ ẹnu rárá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, ìwé aláwòrán kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ A Birthday Cake for George Washington. Ó dá lórí Hercules, alásè Washington, tí òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wá bí wọn yóò ṣe ṣe àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí ààrẹ nígbà tí ṣúgà ti tán. Ẹ̀rín ló wà lójú àwọn ẹrú inú ìwé náà. Ìbínú àwọn òbí àti olùkọ́ pọ̀ débi pé ilé iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ kó o kúrò lọ́jà kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Mo rí ohun tí wọ́n ń lé: wọ́n fẹ́ fi ọgbọ́n ọwọ́ alásè náà hàn, kí ọmọdé má rò pé ìyà nìkan ni ẹrú mọ̀. Òǹkọ̀wé náà tilẹ̀ sọ ọ́ ní ẹ̀yìn ìwé pé Hercules sá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé ni ó sọ ọ́, níbi tí ọmọ ọdún 6 kì í dé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an rèé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1797, ọjọ́ tí Washington pé ọmọ ọdún 65, Hercules sá kúrò ní Mount Vernon. Wọ́n ti mú un kúrò ní ìdí ààrò nígbà náà, wọ́n ti fi í sídìí iṣẹ́ amọ̀ àti òkúta fífọ́. Kò rí àwọn ọmọ rẹ̀ kó lọ. Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn àlejò kan wá láti ilẹ̀ Faransé. Louis-Philippe tí ó padà jọba Faransé wà nínú wọn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìránṣẹ́ òun bi ọmọ Hercules, ọmọbìnrin kékeré kan, bóyá inú rẹ̀ bàjẹ́ pé kò ní í rí bàbá rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà fèsì pé inú òun dùn gan-an, nítorí bàbá òun ti dòmìnira.

Àkàrà òyìnbó wo ló dùn tó ìdáhùn yẹn? Ó wà nínú àkọsílẹ̀, wọ́n fò ó, wọ́n lọ wá ìtàn ṣúgà. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà tí òǹkọ̀wé bá bu adùn èké sínú ìtàn, kì í ṣe pé òótọ́ kò ní adùn. Kò tíì walẹ̀ jìn tó ni.

Àwọn òbí kan yóò ní òótọ́ korò, ọmọdé kò sì lè gbé e mì. Mo gbà pé ó korò. Ṣùgbọ́n àgbo tí àgbà ń mu náà ni ọmọdé ń mu nínú ilé. Ìwọ̀n inú ife ló yàtọ̀. A kì í torí pé ó jẹ́ ọmọdé fún un ní omi lásán kí a sì pè é ní àgbo. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, ka ìwé kan nípa ìgbà èwe Washington, ó gbé ojú sókè, ó bi mí pé, "Oko yìí mà tóbi o. Ta ló ń bá wọn ro ó?" Mo sọ fún un pé ní ọdún 1743 tí bàbá Washington kú, Washington jẹ́ ọmọ ọdún 11, ẹrú 10 sì wà lára ogún tí ó kàn án. Kò sunkún. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣé ọmọdé wà nínú wọn?"

Ìbéèrè ọmọ yẹn ni ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kọjá eré lọ́dọ̀ mi. Ọmọ adúláwọ̀ ni, ilẹ̀ yẹn sì ni yóò ti dàgbà. Gbogbo ìwé ìtàn tí ó bá ṣí, ara rẹ̀ ló ń wá nínú rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí kò bá rí ẹni tí ó jọ ọ́, yóò rò pé àlejò lòun. Bí ó bá rí i, tí ẹni náà kàn ń rẹ́rìn-ín tí ó ń gbé àwo oúnjẹ, yóò mọ ipò tí wọ́n yàn fún un. Ìwé tí kò purọ́ kan ṣoṣo lè ti pa á lára báyìí nípa ohun tí ó dákẹ́ lé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé tí ó gbọ́ ẹjọ́ onílé nìkan tí kò gbọ́ ti ẹni tí ń roko, ẹjọ́ ẹnìkan ló dá.

Èyí kò wí pé kí a sọ Washington di èṣù. Nínú ìwé ìhágún tí ó kọ ní ọdún 1799, ó pàṣẹ pé kí àwọn ẹrú 123 tí wọ́n jẹ́ tirẹ̀ gba òmìnira lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ogún ọkọ àárọ̀ ìyàwó rẹ̀ kò sí lára wọn. Ọmọdé lè gbọ́ méjèèjì pọ̀. Ọmọdé tí ó ń gbé pẹ̀lú àgbà ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni rere lè ṣe ohun tí kò dára, àti pé ẹni tí ó ṣe ohun tí kò dára lè tún inú rò. Àwa tí a ń kọ ìwé fún wọn ni a máa ń ṣe bí ẹni pé wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ẹlòmíràn lè wá bi mí pé, "Kò sí ìwé tí ó lè gba ohun gbogbo. Gbogbo òǹkọ̀wé ló ń fo nǹkan. Ṣé gbogbo wọn ló jẹ́ òpùrọ́?" Rárá. Frederick Douglass ni mo máa ń fi dáhùn èyí. Maryland ni wọ́n bí òun náà sí, Baltimore ló sì ti kọ́ ìwé kíkà nígbà tí ó wà lóko ẹrú. Nígbà tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ jáde ní ọdún 1845, ìwé náà tà wàràwàrà, nítorí ó dùn ún kà. Kò sì fi adùn ṣe bojúbojú. Ó dárúkọ oko, ó dárúkọ olówó ẹrú, kí ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè lọ wò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dídárúkọ wọn lè jẹ́ kí wọ́n wá mú un padà. Òkun ni ó sá gbà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà. Ohun kan wà tí ó fò: bí ó ṣe sá àsálà. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ ní gbangba fún òǹkàwé pé òun fò ó, ó sì sọ ìdí rẹ̀, kí àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́ má bàa kó sí wàhálà, kí ọ̀nà má sì dí mọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọdún 1881, nígbà tí oko ẹrú ti di ìtàn, ni ó tó tẹ àlàyé kíkún jáde. Ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ó fo ọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹni àkọ́kọ́ fi àmì síbi tí ihò wà. Ẹnì kejì tẹ́ ẹní lé e.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ fi kádìí ọ̀rọ̀ yìí súnmọ́ wa ju gbogbo ìyókù lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1860, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Clotilda kó nǹkan bí ènìyàn 110 wọ agbègbè Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní bòókẹ́lẹ́, nítorí láti ọdún 1808 ni òfin ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ náà tí ń jẹ́ Oluale Kossola. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló kó o lẹ́rú. Sylviane Diouf, òpìtàn tí ó tọ ipasẹ̀ àwọn ará ọkọ̀ náà, ní Yorùbá ni Kossola, ará agbègbè Bantè ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí. Lẹ́yìn tí òmìnira dé, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da ìlú tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Africatown.

Ní ọdún 1927, Zora Neale Hurston lọ bá a. Ó di arúgbó nígbà náà. Hurston gbé èso àti ẹran lọ fún un, ó jókòó tì í. Nígbà tí ó ní kí ó sọ ìtàn ara rẹ̀, Kossola kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ láti orí ara rẹ̀. Láti orí bàbá bàbá rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn àgbà wa yóò ti ṣe. Lọ́jọ́ mìíràn kò fẹ́ sọ̀rọ̀ rárá, ó ní kí Hurston máa lọ. Hurston kọ ìyẹn náà sínú ìwé. Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo bí èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe yàtọ̀. Ní ọdún 1931, ìwé náà parí. Àwọn òǹtẹ̀wé kan ní kí ó tún èdè ọkùnrin náà ṣe kí ìwé lè tà. Ó kọ̀. Kossola kú ní ọdún 1935, Hurston kú ní ọdún 1960, ìwé náà kò tíì jáde. Ọdún 2018 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, àkọlé rẹ̀ ni Barracoon, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló sì rà á. Òtítọ́ dọ́jà lóòótọ́, ó kù tà fún ọdún 87. Nígbà tí ó wá tà, ohùn Kossola fúnra rẹ̀ ni wọ́n rà.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè orí àròkọ yìí ni pé kì í ṣe dandan. Adùn kì í ṣe ọ̀tá òótọ́. Òǹkọ̀wé lè mú wa gbọ́ bí àpótí tíì ṣe ń já lu omi, ó lè jẹ́ kí ọkàn wa máa lù pẹ̀lú ẹni tí ń sá lóru. Ohun tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni kí ó pa àlọ́ láìké ààlọ́, kí ó bu omi lu iye, tàbí kí ó tẹ́ ẹní lé ihò. Bí ó bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ sí ẹni tí ó ti kú lẹ́nu, kí ó sọ fún wa. Gbólóhùn kan péré ni yóò ná an, níwájú ìwé, níbi tí ọmọdé yóò ti rí i.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe lé ìwé dídùn kúrò ní kíláàsì. Ẹ fún wa ní méjì lórí ọ̀rọ̀ kan náà, kí ẹ sì jẹ́ kí a máa wá ibi tí wọ́n ti yà kúrò lára wọn. Kò sí eré ìdárayá tí ó dùn tó o. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá bi yín pé ta ló ń roko, ẹ má ṣe ní kí ó lọ sùn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní kí ẹ máa bi ìwé kí ẹ tó gbà á gbọ́: Ta ló sọ ọ́ fún ẹni tí ó kọ ọ́? Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀? Níbo ni mo ti lè lọ wò ó fúnra mi?

Ìwé tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kà á títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èyí tí kò bá lè dáhùn, ẹ lè kà á náà, ó lè dùn gan-an. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí i, ẹ bá òǹkọ̀wé ké e: Ààlọ́ o!